Ṣé àwọn Saxon ló kọ́ odi Portchester?

Ìbéèrè: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Portsmouth ní England la wà, a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo odi Saxon tó wà ní Portchester ní hólídé yìí. Apá ibo la ti máa rí ilé tí wọ́n kọ́? Bùrọ̀dá kan tún ní ká gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin dání, pé kọ́ìn àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o, àmọ́ ọ̀rọ̀ "odi Saxon" yìí ti sú mi. Àwọn Saxon, ìyẹn ẹ̀yà tó ti apá Jámánì wá sí Britain, kọ́ ló mọ odi yẹn! Àwọn Róòmù ni, ní nǹkan bí ọdún 285 sí 290, ọ̀pọ̀ àwa tá à ń ka ìtàn àtijọ́ sì gbà pé Carausius ni, ọ̀gágun tó padà fi ara ẹ̀ jọba ní Britain. Ohun tó ń ṣi yín lọ́nà ni pé ìwé ìjọba Róòmù kan to odi mẹ́sàn-án sábẹ́ "Etíkun Saxon", wọ́n wá rò pé ẹni tí wọ́n dárúkọ ló ni ilé. Àríyànjiyàn wà lórí orúkọ yẹn o, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wa gbà pé àwọn Saxon tó ń fi ọkọ̀ wá jalè ni wọ́n ń ṣọ́ etíkun yẹn sí. Tí ẹ bá kọ "ṣọ́ra fún ajá" sára géètì yín, ṣé ajá ló kọ́lé ni?

Ẹ̀yìn tí Róòmù kó ẹrù ẹ̀ kúrò, ní nǹkan bí 410, làwọn Saxon wá ń gbé inú ẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí Barry Cunliffe kó sòdí bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ibẹ̀ ní 1961, wọ́n rí ilé tí wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọlẹ̀, tí wọ́n ri òpó igi mọ́, wọ́n tún rí àwọn ilé igi ńlá tó tẹ̀ lé e. Ní 904 Edward, ọba àwọn Saxon, gbà á lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù Winchester, ó fi ilẹ̀ míì dípò, ó sì sọ ọ́ di odi ìlú.

Ilé igi ti jẹrà, ihò òpó ló kù, abẹ́ koríko ló sì wà, torí náà kò sí ilé Saxon kankan tẹ́ ẹ máa rí. Ilé gogoro tó wà ní igun yẹn, àwọn Norman, ìyẹn àwọn tó ti France wá ṣẹ́gun England, ló kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọdún 1100 sí 1200 ni tiẹ̀. Ara odi gan-an ni kẹ́ ẹ mú àwọn ọmọ lọ, ó ga tó mítà mẹ́fà, kí wọ́n fojú ara wọn rí iṣẹ́ Róòmù.

Ti ẹ̀rọ yẹn, èmi kì í ṣe lọ́yà o, àmọ́ òfin ọdún 1979 tó ń dáàbò bo àwọn ibi àtijọ́ ò gbà kéèyàn gbé e wọ irú ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹ sọ fún bùrọ̀dá yẹn kó fi sílé.