Kí ló ń sọ ènìyàn di eléré ìdárayá tó ń borí nínú ìdíje?

Ọ̀pọ̀ ọdún ìdánrawò lábẹ́ olùkọ́ tó mọṣẹ́, pẹ̀lú ìdíje lóòrèkóòrè, ló ń sọ ènìyàn di eléré ìdárayá tó ń borí. Ẹ̀bùn àbínibí nìkan kò tó. Ẹ wo Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń sá eré onídènà mítà 100. Ìdènà 10 ni wọ́n ń fò, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì, àkókò ti lọ nìyẹn. Ipò kẹrin ló gbà nínú ìdíje àgbáyé ní Doha lọ́dún 2019 àti nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo lọ́dún 2021. Kò jáwọ́. Lọ́dún 2022, nínú ìdíje àgbáyé ní Eugene, Amẹ́ríkà, ó sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan kò sá rí ṣáájú ìgbà náà. Àmọ́ nínú àwọn eré kan, bí i bọ́ọ̀lù agbọ̀n, gíga ara tún ṣe pàtàkì gan-an pẹ̀lú ìdánrawò.