Ṣé òkété ni ẹranko inú fídíò yẹn, kí ló wá kan ọmú ọmọ ẹ̀?

Àbúrò wa kan ní Kubwa fi fídíò ẹranko kan ránṣẹ́ sí mi, onírun múlọ́múlọ́, ó ń rìn lórí igi lóru, ọmọ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó wá ní ṣé òkété nìyẹn, ṣé torí ẹ̀ náà làwọn àgbà fi ń sọ pé "bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu".

Òkété kọ́ jàre. Woolly opossum ni wọ́n ń pè é, irú opossum kan ni, inú igbó Pánámà títí dé Bràsíl lọ́hùn-ún lo ti lè rí i, kò sí irú ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Orí igi ló ti ń jẹ ibẹ̀ náà ló ń sùn, á fi ìrù wé ẹ̀ka bí ẹni tó ní ọwọ́ karùn-ún, èso ló ń jẹ àti oje dídùn inú òdòdó. Oyún ẹ̀ ò tó oṣù kan, ọmọ á jáde bíńtín, ojú ò tíì là, kò nírun, á rá wọ àpò ikùn ìyá ẹ̀, á gbá ọmú mú, kò ní tètè fi sílẹ̀ o, ìgbà tó bá tóbi díẹ̀ ló máa gun ẹ̀yìn tó o rí yẹn.

Òkété tiwa, inú ihò ló wà. Òun náà lápò, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni tiẹ̀, ibẹ̀ ló ń kó èkùrọ́ sí lọ sílé. Àwọn Hausa tá a jọ ń gbé níbí ń pè é ní gafiya, wọ́n ní "gafiya tsira da na bakinki", pé kó gbé èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀ sá lọ ná, àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ni wọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ ọmú wá ńkọ́? Kò sí òkété àgbà tó ń mu ọmú ọmọ ẹ̀, tọ́mọ bá ti lè dá jẹun, ó lọ nìyẹn, opossum náà ò yàtọ̀. Èèyàn lòwe ń bá wí. Ọmú yẹn ni owó oúnjẹ, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó káàdì fóònù. Màámi tó wà l'Ọ́ffà, tóṣù bá ti parí wọ́n á pè mí l'Ábújá, wọn ò ní béèrè owó, wọ́n á kàn ní "òkété ti dàgbà o", èmi náà á ti mọ̀ pé tiransífà ni wọ́n ń wí. Àgbà ló ń pa òwe yìí fúnra ẹ̀ ṣá, tó bá jẹ́ ìwọ lo lọ pa á fún wọn, o ti pe ìyá ẹ léku nìyẹn, tótó ò ní gbà ẹ́.