Kí bàbá tó gba kẹ́mò àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti béèrè

Ẹ̀yin arákùnrin wa láti Ìkẹ́nnẹ́ tí ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ wá ìwádìí oògùn tuntun fún bàbá yín, tí jẹjẹrẹ pankíríà (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù) wọn ti dé ẹ̀dọ̀, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ojú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ṣàgámù pọ́n rúsúrúsú, tí ìtọ̀ wọn sì dúdú, gbogbo ilé ló pè é ní ibà pọ́njú. Ọ̀sẹ̀ méje la fi ń fún wọn ní àgbo, kí síkáànì tó fi hàn pé kókó kan ní orí pankíríà ló dí ọ̀nà tí òróòro ń gbà kọjá. Nígbà tí a wá kọ̀wé sí ilé ìwòsàn kan ní òkè òkun tó ń ṣe ìwádìí, èsì tó dé ni pé bilirubin, ìyẹn èròjà tó ń mú ojú pọ́n rúsúrúsú, ti ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àti pé wọn kì í gba ẹni tó ń lo ju ìdajì ọjọ́ lọ lórí ibùsùn. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé stent, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń la ọ̀nà òróòro, ìbá ti mú bilirubin yẹn wálẹ̀ ká ní a tètè ṣe é.

Nítorí náà, ẹ béèrè nípa ìwádìí kí bàbá tó gba kẹ́mò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) àkọ́kọ́, torí ọ̀pọ̀ ìwádìí ló jẹ́ pé ẹni tí kò tíì gba kẹ́mò kankan fún àrùn tó ti tàn ni wọ́n ń wá. Èyí kò ní kí ẹ kọ kẹ́mò o. FOLFIRINOX, àpapọ̀ oògùn kẹ́mò tí dókítà lè dárúkọ fún yín, inú ìwádìí ló ti jáde: ní 2011, ìdajì àwọn tó gbà á ló lo ju oṣù 11.1 lọ láyé, nígbà tí ti àwọn tó gba gemcitabine, oògùn kẹ́mò mìíràn, nìkan jẹ́ oṣù 6.8. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá wò fún àbùkù tí a ń jogún nínú àbùdá (jíìnì) tí wọ́n ń pè ní BRCA pẹ̀lú, torí ìwádìí 2019 fi hàn pé oògùn kan tó ń jẹ́ olaparib lè dá àrùn náà dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i lára àwọn tó ní in, bí kò tilẹ̀ fi hàn pé ẹ̀mí wọn gùn sí i.

Orí ClinicalTrials.gov, ìkànnì tí wọ́n ń to ìwádìí oògùn sí, ni kí ẹ ti wá ìwádìí náà, kí ẹ sì wo ìpele tí ìwádìí náà wà. Ìpele kìíní ń wá ìwọ̀n oògùn tí ara lè gbà ni, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìwòsàn létí bàbá. Ẹ bi wọ́n ta ni yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú, ilé gbígbé àti síkáànì, kí ìdáhùn náà sì wà lórí ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nílé níbí, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ NAFDAC hàn yín. Bàbá fúnra wọn ni yóò fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda pé àwọn gbà láti kópa, wọ́n sì lè jáde nígbàkígbà láìsọ ìdí.

Ní ọ̀la, ẹ gba ẹ̀dà èsì ẹran ara tí wọ́n gé yẹ̀ wò, ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú ẹran náà fúnra rẹ̀ sí, nítorí pé ohun tó kọ́kọ́ fà wá sẹ́yìn nìyẹn.