Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Omi, Àtàǹpàkò àti Aṣọ Obìnrin nínú Ìwé Íńdíà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní omi mímu ni wọ́n fi ń jẹ gàba lórí ara wọn nínú ìwé àwọn ará Íńdíà. Báwo lomi ṣe ń di ohun ìjà? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Òótọ́ lọmọ yín sọ. Ètò káàsì ló ń fi ìbí pín àwọn èèyàn níbẹ̀: iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, ẹni tí wọ́n lè fẹ́, ẹni tí wọ́n lè bá jẹun. Àwọn tí wọ́n tì sí ìsàlẹ̀ pátápátá là ń pè ní Dálítì lónìí. Ìgbàgbọ́ àwọn tó wà lókè ni pé bí ọwọ́ Dálítì bá kan korobá, kànga ti di aláìmọ́. Ẹni tí ò sì lè dé ìdí kànga, àfi kó máa bẹ ẹni tó lè débẹ̀.

Ẹ wá ìtàn kúkúrú tí Premchand kọ lédè Híńdì lọ́dún 1932 nípa kànga Thakur, ìyẹn onílẹ̀ tó ń pàṣẹ lábúlé. Omi ilé Gangi, obìnrin Dálítì kan, ń rùn, ó jọ pé ẹranko kan ti kú sínú kànga tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, Jokhu ọkọ rẹ̀ sì ń ṣàìsàn. Gangi ò mọ̀ pé sísè lè mú ewu omi náà kúrò. Ó yọ́ lọ sídìí kànga Thakur lóru, ó rọra sọ korobá sí i, ó fà á dé ẹnu kànga. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé e ni ilẹ̀kùn Thakur ṣí. Okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, korobá já sómi gbàmù. "Ta nìyẹn?" Gangi fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó délé, Jokhu ti gbé omi tó ń rùn yẹn sẹ́nu.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Gangi nínú ìtàn yìí, ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n òǹkọ̀wé wà. Àwọn tó wà lókè ti lu ẹlòmíì ṣáájú: Mahangu, tó ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mélòó kan torí pé kò ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún wọn. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń ṣọ́ kànga fún Thakur.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójúkojú nílùú Mahad. Ní March 20, 1927, B. R. Ambedkar, aṣíwájú àwọn Dálítì, kó wọn lọ síbi adágún Chavdar, wọ́n bu omi mu. Ìjọba ìlú ti ṣí i fún gbogbo èèyàn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìwé làṣẹ náà wà. Àwọn tó wà lókè fi igi lu àwọn tó mumi, wọ́n sì fi ìgbẹ́ àti ìtọ̀ màlúù "wẹ" adágún mọ́. (Ìgbẹ́ màlúù mọ́ ju ọwọ́ èèyàn lọ!) Ní December 25 ọdún yẹn, Ambedkar àti àwọn èèyàn rẹ̀ dáná sun Manusmriti, ìwé òfin àtijọ́ tó to ètò káàsì. Ó di 1937 kí ilé ẹjọ́ gíga Bombay tó dá wọn láre lórí omi yẹn.

Nínú Mahabharata, ìtàn akọni àtijọ́ àwọn ará Íńdíà, kí ló dé tí wọ́n gba àtàǹpàkò Ekalavya? Ṣé lóòótọ́ sì ni ọkọ fi ìyàwó ta tẹ́tẹ́? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Drona, olùkọ́ àwọn ọmọ ọba, kọ̀ láti kọ́ Ekalavya ní ọfà títa nítorí ìdílé tí wọ́n ti bí i. Ekalavya fi amọ̀ mọ ère Drona, ó ń ṣe ìdánrawò níwájú rẹ̀ títí tó fi já fáfá ju àwọn ọmọ ọba lọ. Drona wá ní kó san owó ẹ̀kọ́: àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ tafàtafà sì rèé! Ọfà rẹ̀ ò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ti tẹ́tẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ọba Yudhishthira ti fi ara rẹ̀ ta, ó pàdánù, kó tó fi Draupadi, ìyàwó rẹ̀, ta. Obìnrin náà bi àwọn àgbà ààfin: ẹni tó ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú, ṣé ó tún ní ìyàwó tó lè fi ta tẹ́tẹ́? Bhishma, àgbà wọn, ò rí èsì kan pàtó fọ̀. Wọ́n fi irun wọ́ ọ, wọ́n ń tú aṣọ lára rẹ̀, aṣọ ò sì tán, iṣẹ́ ìyanu gbà á.

Mahasweta Devi fa iṣẹ́ ìyanu yẹn yọ nínú ìtàn tó kọ lédè Bẹ̀ǹgálì. Dopdi ni Draupadi tirẹ̀ ń jẹ́, ọmọ Santal, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Íńdíà. Àwọn ọmọ ogun mú un, wọ́n fipá bá a lò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ní kó wọṣọ, ó fà á ya. Ó rìn ní ìhòòhò lọ bá ọ̀gágun, ẹ̀rù sì ba ọ̀gágun náà níwájú ẹni tí ò mú ohun ìjà kankan dání. Lójú tiwa, òun ló fèsì ìbéèrè tí àwọn àgbà ààfin sá fún.

Ní tiwa, ọkọ ló ń san owó orí. Nínú fíìmù Íńdíà, ìdílé ìyàwó ló ń sanwó, wọ́n sì ń pa ìyàwó nítorí rẹ̀. Kí ni òfin wọn sọ? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Òfin Íńdíà ti ọdún 1961 ti ka fífúnni àti gbígba owó náà léèwọ̀. Lọ́dún 1986 ni wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ pípa ìyàwó nítorí owó náà kún òfin: bí ìyàwó bá kú ikú tó mú ìfura dání láàárín ọdún 7 ìgbéyàwó, tí ẹ̀rí sì wà pé wọ́n ń fòòró rẹ̀ nítorí owó náà kété kó tó kú, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ó kéré tán, ó lè di gbére. Ihò tó wà níbẹ̀ ni pé òfin 1961 gba ẹ̀bùn láyè, bí wọn ò bá béèrè fún un, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀. Ohun tí ìdílé ọkọ fẹnu béèrè ní kọ̀rọ̀ yàrá, "ẹ̀bùn" ni wọ́n á pè é bó bá délé ẹjọ́.