Ta ló sọ fún ọ pé jẹ̀dí ni?

Ìdààmú Ọkàn, Tàkíé, Ògbómọ̀ṣọ́:

Lẹ́tà rẹ kún ojú ewé méjì. Gbogbo rẹ̀ ló fi ń bi mí bóyá oyún ló bàjẹ́ lára rẹ àbí nǹkan oṣù tó pẹ́ ló wá, bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì tí o rí lórí páàdì ni ọmọ, bóyá ó yẹ kí ọkọ rẹ gbọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tí o ti dúpẹ́ tán, o wá sọ gbólóhùn kan bí ẹni ju omi nù: “Jẹ̀dí mi náà tún ti dé láti ọjọ́ mẹ́ta, apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn ń gún mi bí mo bá ń tẹ ẹsẹ̀ máṣíìnì, ó ń ṣe mí bíi kí n yàgbẹ́ ṣùgbọ́n nǹkan kan ò jáde, òòyì sì kọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ mo ti ń mu àgbo ìyá ọkọ mi.”

Àmọ́ o ti ń mu àgbo! Lẹ́tà tó pẹ́ ju tìrẹ lọ ṣì wà nílẹ̀. Gbólóhùn yìí ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn, nítorí ó ti sú mi láti máa rí i: obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ wá, tí ikùn ń gún lápá kan, tí gbogbo ilé sì fohùn ṣọ̀kan pé jẹ̀dí ni.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. O ní ọjọ́ 28 ni nǹkan oṣù rẹ máa ń gbà. Ó fi ọjọ́ 8 pẹ́, o fi ìtọ̀ àárọ̀ ṣe PT, àyẹ̀wò oyún, ìlà méjì jáde, ìkejì ṣe fírífírí. Lọ́jọ́ 11 ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò pọ̀, ó dúdú bí omi kọfí, ó dá, ó tún wá. Ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. 28, 11 àti 7: ọjọ́ 46 láti ìgbà tí nǹkan oṣù tó kẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ mẹ́rin. Bí oyún bá lọ so sínú túùbù tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ, àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló sábà máa ń fojú hàn. Túùbù yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, kò lè fẹ̀ bí ilé ọmọ ṣe ń fẹ̀. Oyún á máa na án, á máa gún ọ lápá kan, títí yóò fi bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìsàlẹ̀ jáde, inú ikùn ló ń dà sí. Páàdì rẹ lè má kún ìdajì, kí ẹ̀mí sì ti máa bọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá rọ́ sí ẹ̀yìn ilé ọmọ, á máa ti ìfun ìdí, á sì máa ṣe ọ́ bíi kí o yàgbẹ́. Bí ó bá gòkè dé abẹ́ ibi tí ẹ̀dọ̀fóró jókòó lé, èjìká ni yóò máa dùn ọ́, pàápàá bí o bá dùbúlẹ̀, láìgbé ẹrù kankan. O ò dárúkọ èjìká. Ṣé kò dùn ọ́ ni, àbí o ti ní aṣọ rírán ló fà á?

Mi ò lè jókòó síbí kí n ní oyún inú túùbù ni. Ó lè jẹ́ oyún tó bàjẹ́ nínú ilé ọmọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fojú wo páàdì kó sọ èyí tó jẹ́, ìyá ọkọ rẹ ò lè sọ ọ́, ọmọ kẹ́míìsì ò lè sọ ọ́, èmi náà ò lè sọ ọ́.

Nítorí náà lónìí ni, kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ tí ọkọ rẹ á ti Ìbàdàn dé. O ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní LAUTECH Teaching Hospital àti Bowen University Teaching Hospital, o wá ń fi kọ́ọ̀bù wọn àgbo! Ibi tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ nípamọ́ ni kí o lọ, má yà sílé àgbẹ̀bí. Gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú pàjáwìrì wọlé, kí o sì sọ ọ́ báyìí: “Nǹkan oṣù mi pẹ́, PT gbé ìlà méjì, ẹ̀jẹ̀ ń wá, apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn ń gún mi, òòyì ti kọ́ mi.” Bí o bá débẹ̀ tí o ní jẹ̀dí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á ní kí o lọ jókòó.

Má jẹun kí o tó lọ, ó lè di iṣẹ́ abẹ. Má dá gun ọ̀kadà. Bí òòyì bá kọ́ ọ lórí rẹ̀ ńkọ́? Mú ẹni tí ara rẹ̀ le dání, tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá béèrè. Mú ìgò àgbo náà lọ, kí o sì sọ bóyá ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́.

Wọ́n á yẹ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Bí ó bá jẹ́ negative, bíi O negative, bi wọ́n léèrè abẹ́rẹ́ anti-D, èyí tí kì í jẹ́ kí ara rẹ bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà, nítorí oyún tí ń bọ̀. Wọ́n á ṣe síkáànù, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń ti ojú ara ṣe. Má sá fún un. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun ló ń ríran ju ti orí ikùn lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń ṣìnà nìyí. Síkáànù á ní òun ò rí nǹkan, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á wálé. Bí PT bá ti gbé ìlà méjì, tí síkáànù ò sì rí oyún nínú ilé ọmọ, wọn ò tíì mọ ibi tí oyún wà ni. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á gbà láti wo iye họ́mọ̀nù oyún, wọ́n á sì tún un gbà lẹ́yìn wákàtí 48. Bí iye rẹ̀ bá já wálẹ̀ ju ìdajì lọ, ó jọ pé oyún ti ń tán lára. Bí kò bá gòkè dáadáa, tí kò sì já, túùbù ni wọ́n á máa fura sí. Má pa ẹ̀jẹ̀ kejì yẹn jẹ, kódà bí ikùn bá ti dákẹ́. Bí wọ́n bá tètè rí i, tí túùbù ò tíì bẹ́, abẹ́rẹ́ methotrexate lè dá a dúró láìlo ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá fún ọ, má lo folic acid títí wọ́n á fi ní ó tó. Àmọ́ ẹni tí òòyì ti ń kọ́ lè ti kọjá abẹ́rẹ́.

Ìbéèrè tìrẹ wá ńkọ́? Ìlà méjì yẹn, oyún ni. Bóyá ó bàjẹ́ àbí ó wà níbòmíì, ilé ìwòsàn ló máa sọ. Bó bá sì jẹ́ pé ó bàjẹ́ ni, máṣíìnì tí o ń tẹ̀ kọ́ ló bà á jẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú oyún tó ń bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, láti inú oyún fúnra rẹ̀ ni àṣìṣe ti wá. Pe ọkọ rẹ lórí fóònù nísinsìnyí, kí o ti wà lójú ọ̀nà kó tó gbé e.