Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Fìtílà Omi Dídì Lè Kó Òtútù Àyà Ran Ọmọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Minneapolis ní Amẹ́ríkà ni a ń gbé. Olùkọ́ àwọn ọmọ mi ní kí a jọ fi omi dídì ṣe fìtílà sí ìta ilé. Ìyá ọkọ mi ní òtútù àyà ni wọn yóò kó bọ̀. Ṣé kí n fún wọn ní oògùn apakòkòrò kí a tó jáde?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún wọn ní oògùn apakòkòrò kankan. Kì í ṣe oògùn òtútù.

Ọdọọdún ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì ń dùn mí pé orúkọ àìsàn náà ni ó ń ṣì wá lọ́nà. Nítorí pé a pè é ní òtútù àyà, a gbà pé afẹ́fẹ́ tútù ni ó ń wọ àyà ọmọ lọ di àìsàn. Rárá o. Bakitéríà tàbí fáírọ́ọ̀sì ni ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí ó ń mú kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ kún fún omi àti ọyún, ara ẹlòmíràn tí ó ń wúkọ́ tàbí tí ó ń sín ni ọmọ sì ti sábà ń kó o. Bí ó bá jẹ́ òtútù ni, èéṣe tí àìsàn yìí fi wà lára àwọn tí ó ń pa ọmọdé jù lọ ní Nàìjíríà, níbi tí omi kì í ti í dì níta? Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń pè ní PCV, tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní ọdún 2014, ń dènà ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn kòkòrò náà. Káàdì àjẹsára ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe ojú ọjọ́. Òótọ́ ni pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí máa ń ràn jù nígbà òtútù, ṣùgbọ́n lára ohun tí ó fà á ni pé inú ilé tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa ni gbogbo wa ń kóra jọ sí.

Ìka ọwọ́ ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí òtútù bá lọ sí ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní kìlómítà 24 ní wákàtí kan, awọ tí a kò bò lè dì láàárín 30 ìṣẹ́jú, ìbọ̀wọ́ tí omi ti rin sì tún burú sí i. Nítorí náà, inú ilé ni kí ẹ ti bu omi sínú ike, kì í ṣe sínú ìgò, nítorí omi a máa fẹ̀ bí ó bá ń dì, ìgò yóò sì fọ́. Ẹ gbé e síta sùn. Etí àti òkè rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dì, nígbà tí ẹ bá sì dojú rẹ̀ dé tí ẹ da omi àárín rẹ̀ nù, ihò tí àbẹ́là yóò jókòó sí ti wà níbẹ̀.

Lára awọ dúdú bíi tiwa, ẹ má dúró de pípọ́n kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti ń dì. Awọ náà yóò rí bí eérú, yóò le, ọmọ kò sì ní mọ ìka náà lára mọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má fi ìpara tí ó ń ta pa á, ẹ má yá a níná. Omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ rì í sí, bí ó bá sì lé róró tàbí tí kò padà bọ̀ sípò, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíákíá. Bí ẹnìkan nínú wọn bá ní ikọ́ fée, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, nítorí n kò rí àwọn ọmọ náà, n kò sì lè ti ibí yẹ̀ wọ́n wò.

Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín, ìfẹ́ ọmọ ni ó ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣáná sí àbẹ́là náà. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọkọ yín bá wọn ṣá a.