Ṣé Kí N Fi Ẹ̀tù Kún Ìbọn Mi Kó Lè Dé Ọ̀nà Jíjìn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, àrìnpa o. Mo ní ṣakabùlà kan, mo sì tún ní ìbọn ẹlẹ́nu kan tó ń lo kátíríìjì. Bí mo bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín, ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń rí nílẹ̀, n kì í rí ẹran. Ẹnìkan ní kí n fi ẹ̀tù kún ti ṣakabùlà, pé á gbé ọta dé 100 mítà. Ó tún ní òun ní oògùn tí wọ́n fi ń pa ẹnu ìbọn, ₦20,000. Báwo ló ṣe yẹ kí ẹran jìnnà sí mi tó kí n tó yìn ín? (Ọdẹ kan, Òkè-Ògùn)

Ìdáhùn: Àbúrò, Ògún á gbè wá o.

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ oògùn kúrò lọ́nà ná. Má san kọ́bọ̀. Bó bá dá ọkùnrin yẹn lójú, kó gbé páálí sí 100 ìṣísẹ̀, kó fi oògùn rẹ̀ pa ẹnu ìbọn, kó yìn ín níṣojú rẹ kó o tó yọwó. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún méjì nínú wọn rí. Ọ̀kan ní oògùn òun kì í jẹ́ lára páálí, pé ẹlẹ́jẹ̀ ló ń wá. Èkejì ò gbé fóònù mi mọ́.

Ẹ̀tù tó ní kó o fi kún un ló bí mi nínú, torí ìyẹn lè pa ọ́.

Wo ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ. O ní ẹ̀jẹ̀ lo máa ń rí nílẹ̀. Kí ló mú ẹ̀jẹ̀ yẹn jáde? Ọta ti dé ara ẹran kó tó ṣẹ̀jẹ̀. Ìbọn rẹ ń gbé ọta dé ibi tí kò yẹ kó o gbé e dé, àìjìnnà kọ́ ló ń dà á láàmú.

Ọta kátíríìjì, roboto ni. Ti ṣakabùlà, bí kò bá ṣe roboto, irin gígé ni, ìyẹn tún burú jù ú lọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í la afẹ́fẹ́ dáadáa. O ti gun ọ̀kadà rí: bó bá rọra ń lọ, atẹ́gùn kàn ń fẹ́ sí ọ lójú ni, bó bá kó eré sí i, ẹ̀wù rẹ á máa lù pàpà, omi á sì máa dà lójú rẹ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń fà á sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó ń ṣe ọta nìyẹn. Ẹ̀tù àfikún á mú un yára jáde lẹ́nu ìbọn lóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ á ti gba púpọ̀ nínú eré náà padà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹran. Èrè ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ipá ẹ̀tù náà, ara ọ̀pá ìbọn ló ti kọ́kọ́ lò ó, nítòsí ojú rẹ. Ta ló sì mọ ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ṣe ọ̀pá yẹn? Páìpù omi ni òmíràn, ọ̀pá sítíárìn ọkọ̀ ni òmíràn. Mo mọ ọkùnrin kan tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì rẹ̀ bá irú ẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a di okùn ṣòkòtò báyìí.

Ohun tó ń gba ẹran lọ́wọ́ rẹ ni pé ọta máa ń túká. Àwọn ìbọn kan wà tí wọ́n fún ẹnu wọn pọ̀ díẹ̀ kí ọta má bàa tètè túká, ṣóòkù là ń pe ìyẹn. Bí ìbọn kò bá ní in, ọta rẹ̀ máa ń fẹ̀ sí i tó íǹṣì kan ní yáàdì kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ọdẹ ni, àmọ́ kì í jìnnà sí òótọ́. Ìṣísẹ̀ àgbàlagbà kan náà kò jìnnà sí yáàdì. Ní 40 yáàdì, ọta ti fẹ̀ tó mítà kan, bíi táyà tírélà. Kátíríìjì SG, ìyẹn ọlọ́ta ńlá tí wọ́n fi ń pa ẹran bí àgbọ̀nrín, bí ọta mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Àyà àgbọ̀nrín, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, kò ju àwo ìjẹun lọ. Fi àwo kan sáàárín táyà tírélà, kó o da ọta mẹ́sàn-án lé e. Bí orí bá bá ọ ṣe é, ọ̀kan á bà á. Àwọn yòókù á wọ ikùn tàbí itan, tàbí kí wọ́n gba inú koríko lọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Orí ẹ̀gùn, ibùjókòó tí ọdẹ ń so sórí igi, ni mo wà létí odò, akọ àgbọ̀nrín kan jáde lódìkejì. Mo mọ̀ pé ó jìnnà. Mo yìn ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ka ibẹ̀: ìṣísẹ̀ 62. Ọjọ́ kẹta ni ajá tó bá mi rí i nídìí igi ayùnrẹ́, eṣinṣin ti bò ó. Ọta méjì péré ló wà lára rẹ̀, méjèèjì níkùn. Kò ṣeé jẹ, kò ṣeé tà. Ìyàwó mi bi mí pé ta ni mo pa á fún.

Nítorí náà, páálí ni kó o lọ bi. Wá páálí fíríìjì, gbé e síwájú òkìtì níbi tí kò séèyàn lẹ́yìn rẹ̀, fi èédú ya òbìrí tó tó àwo ìjẹun sáàárín. Bẹ̀rẹ̀ ní 15 ìṣísẹ̀. Ọta tó o máa ń gbé lọ sígbó gan-an ni kó o lò. Yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, torí ẹyọ kan lè tàn ọ́ jẹ. Ka ihò inú òbìrí lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o tó sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ márùn-ún. Ibi tí ihò kò bá ti tó mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o ti kọjá ààlà nìyẹn, padà síwájú. Wá tún yọ ìṣísẹ̀ márùn-ún sí i, torí páálí kì í rìn, kì í sì í mú kí àyà rẹ máa lù kì-kì-kì.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbọn tí kò ní ṣóòkù, tó ń lo SG, kì í kọjá 20 sí 25 ìṣísẹ̀. Ṣakabùlà, èmi ò ní gbà kó o kọjá 20. Ti ọ̀yà yàtọ̀: ọta wẹ́wẹ́ nọ́ńbà 4 tàbí 5 ni, ó lè lé ní 200 nínú kátíríìjì kan, 30 ìṣísẹ̀ kò burú.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Nígbà tí fìtílà kábáídì là ń dè mọ́rí, iná kì í lọ jìnnà. Tọ́ọ̀ṣì orí tẹ́ ẹ ń lò báyìí ń fi ojú ẹran hàn yín ní 100 ìṣísẹ̀, ẹ wá rò pé ibi tí iná dé, ọta dé e. Ojú tó ń dán kì í ṣe àgbọ̀nrín dandan. Ojú ewúrẹ́ ń dán, ti ajá ń dán, ti màlúù ń dán. Darandaran tó sùn ti màlúù rẹ̀, ojú tirẹ̀ kì í dán. Bí o kò bá tíì rí àyà ẹran, má fọwọ́ kan ibi ìyìnbọn. Ọta SG tó tàsé, bí ẹnu ìbọn bá gbé sókè, lè fò kọjá 600 mítà.

N kò rí ìbọn rẹ lójú o, má ṣe sọ lọ́la pé èmi ni mo fún ọ láṣẹ. Bí o kò bá ní ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìbọn ti 1959 ṣe wí, lọ yanjú ìyẹn kó o tó wá páálí. Bó bá sì jẹ́ inú ọgbà ẹran ti Ọ̀yọ́-Ilé lo ti ń dẹ̀gbẹ́, jáde kúrò níbẹ̀. Bí ẹran bá wà ní ìṣísẹ̀ kan péré sí ọ pàápàá, yíyìn ín kò bófin mu níbẹ̀.

Ya fọ́tò páálí náà, kọ iye ìṣísẹ̀ sára rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Bó bá sì jẹ́ pé o ti fi ẹ̀tù kún ṣakabùlà yẹn kó o tó ka èyí, má yìn ín. Kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, kó o lọ pe alágbẹ̀dẹ tó mọ̀bọn wá bá ọ. Má gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ, iná wà níbẹ̀.